Orúkọ Eyínfúnjowó

Òfin méjìlá ló wà nínú ìwé tí Ìyáàfin Kòfowórọlá Adéjùmọ̀ máa ń pín lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀sì Ìlò Láíbìrì bá bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ràn gbogbo wọn bí ọmọ inú rẹ̀. Òfin kìíní ní bí màdáàmù bá ti wọ kíláàsì, ìlẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Òfin kẹta ní ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, tó pè é ní tirẹ̀, olè ni, kò sì sí orúkọ tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a ó pè é. Òfin karùn-ún ní iṣẹ́ tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ kò níbi tí yóò wọ̀ sí. Ẹ má tètè bínú sí obìnrin náà o. Ó ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín sáà kan ṣoṣo, tí gbogbo ikú ọ̀hún sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Òfin keje ni tiwa lónìí. Ó ní: “Ohunkóhun tí o bá kọ, sọ ibi tí o ti rí i. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ló sọ ọ́ fún ọ, kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ibi tó ń gbé, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti nọ́ńbà tí a lè fi bá a sọ̀rọ̀. Orísun tí kò lórúkọ, òfo ni.” Lọ́dún tó ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló mú bàbá àgbà kan náà wá, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀, orúkọ mọ́kànlá lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí màdáàmù ní kí wọ́n mú òun lọ kí bàbá náà, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fa ìlà pupa sábẹ́ òfin keje.

Sẹ̀kínát mọ òfin méjèèjìlá lórí. Ó yẹ kó mọ̀ wọ́n, nítorí ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí. Nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọmọ inú rẹ̀ yàn láti wá sáyé, kò sì sí òfin tó mọ bá a ti ń bẹ ọmọ pé kó dúró. Òfin kejìlá wá ní ẹni tó bá pàdánù kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ sílé láìgba ìwé-ẹ̀rí. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń gun ọ̀kadà láti Òkè-Ọ̀dàn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlaròó, tó ń fi ọmọ ọmú sílẹ̀, tó ń fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná fún ìyálé rẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan yìí ló kù láàárín òun àti ìwé-ẹ̀rí ọ̀hún.

Iṣẹ́ tí màdáàmù gbé fún wọn rọrùn létí. Kí oníkálukú mú ọ̀rọ̀ kan wá nípa ìlú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan ní láíbìrì, kó sì fi hàn pé òótọ́ ni. Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni. Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ti bódà pa, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ọn mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ará Yewa. Sẹ̀kínát wá rántí pé wọ́n ti tì í pa rí, ní 1984, nígbà tí wọn kò tíì bí òun. Ó wá inú láíbìrì títí. Ó rí ohun tí ìjọba sọ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀dàn ṣe. Ó bá lọ jókòó ti Eyínfúnjowó.

Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ lobìnrin ni Eyínfúnjowó. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣú, eyín kan ṣoṣo ò sì kù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé àtijọ́ ló sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń kọ mànà. Eyín lọ, orúkọ ò bá a lọ. Lọ́jọ́ kẹta tí Sẹ̀kínát wọlé ọkọ ni Ìyá Àúdù, ìyálé rẹ̀, ti mú un jókòó, tó kì í nílọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé yìí kó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rá kòrò, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Èyí ni Akọ́wé, èyí ni Ìdílẹ̀kẹ̀, màmá tó wà nínú yàrá yẹn ni Eyínfúnjowó. Sẹ̀kínát gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì ṣì í pè rí.

Ohun tí ìyá náà sọ fún un nìyí. Nígbà tí wọ́n ti bódà pa nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ sí Ìpobẹ̀, ní òdìkejì bódà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Sójà wà lójú títì, ṣùgbọ́n kò sí sójà létí odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko bàbá wọn. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn méjèèjì á lọ síbẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Eyínfúnjowó kò ní yọ jáde nínú igbó àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é lórúkọ. Ìpè yẹn ló fi ń mọ̀ pé kò séwu. Á dáhùn, wọ́n á ju iyọ̀ àti oògùn ibà síra wọn, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n á túká. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí ọdún méjì, títí bódà fi ṣí.

Sẹ̀kínát kọ ọ́ sí ojú ìwé mẹ́fà. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orísun, ó kọ: Eyínfúnjowó, agbo ilé Akínbọ̀wálé, Òkè-Ọ̀dàn.

Lọ́jọ́rú ni ìwé padà dé. Kò sí máàkì lórí tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti kọ pé ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò lórúkọ, màdáàmù fi gègé pupa béèrè pé, “Orúkọ wo?” Nísàlẹ̀ ibi orísun, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: “Òfin keje.” Ó sì ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì.

“Sẹ̀kínát, iṣẹ́ yìí dára,” ni màdáàmù wí. “Ó tiẹ̀ dára jù, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ni Eyínfúnjowó?”

“Màmá wa nílé ọkọ mi ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé orúkọ tí ìyàwó fún un ni. Èmi náà ṣe ìyàwó ilé rí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́?”

Sẹ̀kínát kúnlẹ̀. “Mi ò lè pè é, mà. Ọkọ mi ni wọ́n.”

“N kò ní kí o pè é. Kọ ọ́. Gègé kì í ṣe ẹnu.”

“Ọwọ́ mi náà, ìyàwó ilé ni, mà.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa màdáàmù, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. “Bí mo bá gbà á fún ọ, bàbá olórúkọ mọ́kànlá yóò tún padà wá bá mi. Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán. Orúkọ kíkún, àti nọ́ńbà tí mo lè pè. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òfo ni mo máa kọ, kò sì ní dùn mọ́ mi nínú.”

Sẹ̀kínát jáde, ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó ń yan díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ṣebí wọ́n kọ́ ọ, ó gbẹ́kọ̀ọ́. Orí ọ̀kadà ló wà, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti dá wọn dúró tí wọ́n ń tú àpò ọkùnrin kan tó ra búrẹ́dì, nígbà tó tún yọ ìwé náà wò. Orúkọ wo? Ó la ẹnu nínú ọkàn rẹ̀ láti dáhùn, kò rí nǹkan kan sọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ló ti ń po ògì fún ìyá yìí, tó ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀, tó mọ èyí tó ń dùn ún nínú eékún méjèèjì, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ ènìyàn: ó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó ń ṣọ́ àpótí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó délé, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àúdù. “Eyínfúnjowó ni mo bá a, Eyínfúnjowó ni mo fi lé ọ lọ́wọ́,” ni ìyẹn wí. Sẹ̀kínát pe ọkọ rẹ̀, Ìbídàpọ̀, tó ń wa tírélà símẹ́ńtì ní Ibeṣe. Ìbídàpọ̀ ronú, ó ní, “Màmá ni mo ń pè wọ́n jàre. Bàbá mi ni ì bá mọ̀ ọ́n, ṣé ká lọ jí wọn ní sàréè ni?” Sẹ̀kínát wo káàdì ilé ìwòsàn ìyá náà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Ìyá Ọmọ́délé. Ọmọ́délé sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, ó ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ènìyàn tó ogún ló ń gbé nínú agbo ilé náà, kò sí ẹnì kan tó mọ orúkọ àgbà wọn.

“Àfi kí n bi wọ́n léèrè fúnra wọn,” ni Sẹ̀kínát wí.

Ìyá Àúdù di orí mú. “Ìyàwó! Kí o lọ bi ọkọ rẹ pé ta ni? Wọn á ní mi ò kọ́ ọ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò nílò ojú fún ìyẹn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Sẹ̀kínát kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó, ìrìn rẹ wúwo. Ta ló ṣe ọ́?”

“Kò sẹ́ni, Eyínfúnjowó mi.”

“Kò sẹ́ni yìí ló wá ń mí bí ẹni tó ru igi?”

Sẹ̀kínát wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ro gbogbo rẹ̀, láti orí òfin keje dé orí ọjọ́ Ẹtì. “Wọ́n ní kí n kọ orúkọ yín. Mo ní mi ò lè pè é. Màmá, irọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ foríjì mí.”

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú ẹ̀gúsí. Sẹ̀kínát rò pé òun ti dáràn. Ó ti ń to ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ̀ nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀.

“Ta ló tún mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí?”

“Mo béèrè yíká, Màmá. Kò sí.”

“Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló ti lọ. Ó ku ẹ̀gbọ́n mi nìkan ní Ìpobẹ̀. Ọdún Iléyá tó kọjá ló wá kẹ́yìn, o rántí? Gbogbo yín ti lọ kírun ní Yídì nígbà tó dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, tó pè mí kó tó wọlé, bó ti ń ṣe létí odò. Wọ́n tún wá ti ọ̀nà pa mọ́ wa. Èmi ò lè rìn dé odò mọ́, òun náà ò lè rìn dé ibẹ̀.” Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí itan rẹ̀. “Nígbà mìíràn, mo máa ń pe ara mi, jẹ́ẹ́jẹ́, kó má baà sọ nù. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dùn lẹ́nu ẹni tó ni ín.”

Sẹ̀kínát kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí ìwé-ẹ̀rí ló ṣe wá, ó ti gbàgbé ìwé-ẹ̀rí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyá kan wà nínú ilé tó kún fún ènìyàn, ó sì ń pe ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Má sunkún sí ẹ̀gúsí mi,” ni ìyá náà wí. “Mú gègé rẹ wá. Má fi ẹnu pè é o! Ọkọ rẹ ni mo ṣì jẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo erìgì rẹ̀ yọ. Ó fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí. Sẹ̀kínát kọ ọ́ gàdàgbà gadagba bí ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi.

“Ó ti wà níbẹ̀?”

“Ó ti wà níbẹ̀, Màmá.”

“Fi ọwọ́ mi lé e.”

Sẹ̀kínát mú ìka ìyá náà, ó rọra fi tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yíǹkì kò tíì gbẹ, ó sì fà lábẹ́ ìka náà.

“Ó mà kéré o,” ni ìyá náà wí. “Gbogbo èmi náà ló wà níbí?”

Òfin kẹsàn-án ní màdáàmù kò gba ìwé tó bá lábàwọ́n. Sẹ̀kínát ronú àtitún un kọ ní òru, kò tún un kọ, ó kàn fi nọ́ńbà Ìyá Àúdù sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí epo ní Òkè-Ọ̀dàn. Àwọn ọlọ́kadà jókòó lórí ọ̀kadà wọn, wọ́n ń ṣeré ayò. Sẹ̀kínát fẹsẹ̀ rìn títí ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan fi ṣàánú rẹ̀, ó jókòó sórí ẹ̀gẹ́ nínú aṣọ tó lọ̀ láti àná, àwọn aṣọ́bodè sì dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹrin láti wò bóyá ìrẹsì wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró ló ń wo aago. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì màdáàmù, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, erùpẹ̀ pupa sì wà lára rẹ̀ dé eékún.

Màdáàmù wo aago ara ògiri. Ó wo ìwé náà. “Kí lèyí tó fà yìí?”

“Ìka wọn ni, mà.”

Màdáàmù kà á sínú. “Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí màmá yìí?” Kò dúró de èsì, ó ti ń tẹ nọ́ńbà. Ohùn obìnrin kan fi èdè Faransé dáhùn pé kò sí ọ̀nà. Fóònù Òkè-Ọ̀dàn kò mọ̀ pé wọ́n ti bódà. Nígbà tó bá wù ú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì ló máa ń gbé e. Màdáàmù tún un tẹ̀, ó gbé e sí ibi tí ohùn fi ń jáde síta.

“Hẹ̀lóò!” ni Ìyá Àúdù kígbe, bí ẹni pé Ìlaròó ò ní fóònù. “A ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà! Màmá nìyí!”

Màdáàmù tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ohùn tó fi ń pe orúkọ ní kíláàsì ló lò. “Ẹ káàsán, mà. Ṣé Màmá Oyèrónkẹ́ Akínbọ̀wálé nìyẹn?”

Sẹ̀kínát tẹrí ba nígbà tó gbọ́ ọ, bí ìyàwó ilé rere. Adìẹ ń ké lọ́hùn-ún, atẹ́gùn ń fẹ́ sínú fóònù.

“Màmá? Ṣé ẹ̀yin ni?”

Adìẹ nìkan. Màdáàmù mí kanlẹ̀, ó fa fọ́ọ̀mù orísun sọ́dọ̀, ó ṣí gègé pupa. Sẹ̀kínát rí i tí ẹnu gègé náà ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ tún un pè,” ni ohùn kan wí, ohùn kékeré.

“Mà?”

“Orúkọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Ẹ má fi Màmá ṣáájú rẹ̀.”

Màdáàmù wo Sẹ̀kínát. Ọmọ Yorùbá ni òun náà. Kò pe ẹni tó tó ìyá rẹ̀ ní orúkọ ní gbalaja rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì sí òfin kankan fún èyí nínú méjèèjìlá. Ó dìde lórí àga. Ó gbé fóònù lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, nítorí kò rí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà ṣe é.

“Oyèrónkẹ́,” ló wí.

“Òo!”

Ìpè yẹn kì í ṣe ti arúgbó. Ó kún, ó ga, bí ìdáhùn ẹni tó ń jáde bọ̀ láti inú igbó. Sẹ̀kínát bú sẹ́kún.

“Oyèrónkẹ́ o!” ni màdáàmù tún wí, ohùn tirẹ̀ náà ò dúró dáadáa mọ́.

“Òo! Mò ń bọ̀ o!” Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín, tàbí ẹkún, wọn kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ìyá Àúdù ń pariwo lẹ́yìn pé kí ẹnì kan wá, pé kí lẹ sọ fún Eyínfúnjowó?

Màdáàmù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ odò fún Sẹ̀kínát?”

“Èmi ni.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn?”

“Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè ni?”

Ọdún mọ́kàndínlógún ni màdáàmù ti ń béèrè ìbéèrè yẹn, kò tíì rí ẹni tó dá a lóhùn tó báyìí. Ó dágbére, ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó jókòó. Ó kọ máàkì kan sójú ìwé Sẹ̀kínát tí ọmọbìnrin náà kò rí rí láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó wá fa fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí orísun mọ́ra, níbi tó jẹ́ pé “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò” ló máa ń kọ fún gbogbo ènìyàn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú gègé pupa:

Mo pè é. Ó dáhùn.